Ìwé wà nínú kátálọ́ọ̀gì, kò sí lórí pẹpẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Òǹwádìí · Ọjọ́ Ẹtì, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ọkọ̀ ni mo wà tí mo ń kọ èyí, ó sì rẹ̀ mí dé egungun. Ẹ bá mi fojú fo àṣìkọ.

Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé ń kọ sí ìwé ìròyìn Yorùbá láyé àtijọ́ nípa ìgbéyàwó àti owó orí ìyàwó. Mo mú un láti 1922 sí 1931, nítorí ìgbà yẹn ni ìwé ìròyìn Yorùbá gbòde: Eko Akete jáde ní 1922, Eleti-Ofe tẹ̀lé e ní 1923, The Yoruba News bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1924, Akede Eko dé ní 1928. Yunifásítì tí mo wà kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Alábòójútó iṣẹ́ mi ní kí n lọ sí láíbìrì yunifásítì ńlá kan, pé ibẹ̀ ni màá ti rí wọn. Láti Ìkòròdú ni mo ti ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ báyìí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá mi padà, wọ́n ní kò sí lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo mú lẹ́tà lọ. Mo wo kátálọ́ọ̀gì lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ìdìpọ̀ mẹ́rin wà nílẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà wọn sórí fọ́ọ̀mù, ọ̀gbẹ́ni tó gbà á wọlé lọ, ó pẹ́ títí, ẹyọ kan ló gbé bọ̀. Ó ní àwọn yòókù “ò sí lórí pẹpẹ.” Mo ní kí ló dé, ó ní òun ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, iná lọ. Wọn ò gbà kí n ṣe fọ́tókọ́pì. Mo fi ọwọ́ kọ lẹ́tà mẹ́fà nídìí fèrèsé títí wọ́n fi ní ká dìde. Òní tí mo padà lọ parí ẹyọ kan yẹn, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń di ìwé, wọn ò mọ ọjọ́ tó máa dé.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, mo sunkún. Owó ọkọ̀ dùn mí, àmọ́ kì í ṣe owó ọkọ̀ ló pa mí lẹ́kún. Mo ti ka lẹ́tà obìnrin kan ku ìlà mẹ́ta péré nígbà tí wọ́n ní ká dìde. Obìnrin yẹn jókòó kọ̀wé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí ẹnì kan lè kà á. Èmi ni mo ń kà á, n kò sì mọ bó ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí ni kí n ṣe kí n tó tún wọkọ̀?

Ará Òkè-Àdó · Ọjọ́ Ẹtì, 8:51 alẹ́

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ohun tó ṣe ọ́ ti ṣe mí rí. Mo ti dé ìdajì iṣẹ́ mi nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì 2022. Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà. Oṣù mẹ́jọ gbáko, ìwé tí mo nílò wà nínú ilé tí wọ́n tì pa. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tí ìwé bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, n kì í sọ pé “màá padà wá.” Gba gbogbo ohun tí o lè gbà lọ́jọ́ náà: orúkọ ìwé ìròyìn, ọjọ́ tó jáde, ojú ewé, òpó ìlà kẹta tàbí ìkẹrin, gbogbo rẹ̀. Èyí tí o bá fi sílẹ̀ pé o máa rántí, o ò ní rántí ẹ̀.

Ti lẹ́tà: má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí “ẹni tó bá kàn.” Kí wọ́n kọ ọ́ sí University Librarian gan-an, kí wọ́n dárúkọ àwọn ìwé ìròyìn tí o fẹ́ wò àti ọdún wọn, kí olórí ẹ̀ka yín fọwọ́ sí i. Ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹnu ọ̀nà á gba ọ̀kan, ẹ̀ka tí o ń lọ á gba ọ̀kan, ìkẹta á wà lọ́wọ́ rẹ fún ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò rí èyí tí o mú wá lóṣù tó kọjá.

Má lọ lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Má lọ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á ti dìde kí ó tó di aago mẹ́ta. Dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mú páwà báǹkì dání, mú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí, mú pẹ́ńsù, nítorí bírò kò wọ ibi tí ìwé àtijọ́ bá wà. Báàgì ò ní wọlé, kó ẹrù rẹ sínú lailọ́ọ̀nù tí wọ́n lè rí inú rẹ̀.

Kí o sì mú nǹkan díẹ̀ dání fún ẹni tó ń bá ọ wọlé wá ìwé. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Màmá Láíbìrì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:30 àárọ̀

Àdùkẹ́, ọmọ mi, má sunkún mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ láíbìrì yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka ìwé ìròyìn àti jọ́nà ni mo sì pẹ́ sí jù. Jẹ́ kí n la “kò sí lórí pẹpẹ” yẹn fún ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Nígbà mìíràn ìwé náà wà lórí pẹpẹ, kò kàn sí ní àyè tirẹ̀ ni. Òǹkàwé á yọ ìwé, á kà á tán, á fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, á dá a padà fúnra rẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ bá ti rí àyè. Ìwé yẹn ti sọnù nìyẹn, àfi ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan bá tún pẹpẹ náà kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ sórí tábìlì. Tí wọ́n bá gbà kí o wọ àárín pẹpẹ, wo ti òkè, wo ti ìsàlẹ̀, kí o sì ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn àwọn ìwé. Ìwé tín-ín-rín a máa yọ̀ sẹ́yìn, á sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Nọ́ńbà ara ìwé náà ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ètò títo ìwé ti Library of Congress, láíbìrì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ láíbìrì yunifásítì wa ń lò. Èdè Yorùbá wà ní PL8821 sí PL8824, ìtàn Nàìjíríà wà ní DT515, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá wà ní BL2480.Y6. Títí dé ibẹ̀, ẹ ń kà á bó ṣe yẹ. Èyí tó wà lẹ́yìn àmì tótó ni ẹ ń kà sódì. A34 ló ń ṣíwájú A4. Ẹ̀yin a rò pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pọ̀ ju mẹ́rin lọ, ẹ ó wá gba iwájú kọjá. Bí ẹni ń ka 0.34 àti 0.4 ni kí ẹ máa kà á. Àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti bá níbi tí wọ́n ti ń wá ìwé tí èjìká wọn ń kàn.

Ìwé ìròyìn tìrẹ yìí yàtọ̀ sí ìwé o, fetí sílẹ̀ dáadáa. Kọ̀ǹpútà á sọ fún ọ pé “1922–1931,” o ó rò pé gbogbo rẹ̀ ló wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn bá dé, a máa ń fi àmì sí ọjọ́ rẹ̀ lórí káàdì kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ onírin pẹlẹbẹ. Kardex là ń pè é. Káàdì yẹn ló mọ oṣù tó dé àti oṣù tí kò dé. Nígbà tí wọ́n ń kó kátálọ́ọ̀gì sínú kọ̀ǹpútà, ọdún àkọ́kọ́ àti ọdún ìkẹyìn ni wọ́n tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn, nítorí kò sí ọwọ́ tó máa tẹ ìyókù. Nítorí náà, má kọ́kọ́ béèrè ìwé. Béèrè Kardex. Tí wọn kò bá ní in mọ́, béèrè rẹ́jísítà tí wọ́n ń kọ ìwé tó bá wọlé sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ìwé fún ọ lè má mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ẹ̀ka mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìròyìn kékeré bíi tìrẹ kì í dá nípọn tó ohun tí à ń dì. Owó dídì ìwé sì wọ́n. A máa ń kó oríṣi méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, sínú páálí kan, orúkọ ti àkọ́kọ́ nìkan ni à ń kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wà nínú kò ní orúkọ níta. Ẹni tó ń wo ẹ̀yìn ìwé kò lè rí i láéláé. Sọ fún wọn kí wọ́n gbé gbogbo ìdìpọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ti ọdún wọ̀nyẹn sílẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ ṣí wọn dé ojú ewé ìkẹyìn.

Ti fọ́tókọ́pì, má bá wọn jà. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe bébà ìwé ìròyìn, ásíìdì inú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi máa dá bí ẹ̀kọ gbígbẹ. Tí wọ́n bá dojú irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé sórí ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á já. Kọ̀wé béèrè kí o fi fóònù yà á láìlo fláàṣì. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń gbà báyìí, wọ́n lè gba owó díẹ̀ kí wọ́n sì já rìsíìtì fún ọ.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń di ìwé, ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n wà? Ọ̀pọ̀ láíbìrì ńlá ló ní ibi ìdìwé tirẹ̀ nínú ọgbà. Ìwé a máa tò síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Lọ síbẹ̀, kí ọ̀gá ibẹ̀, ṣàlàyé ara rẹ.

Ará Òkè-Àdó, ìmọ̀ràn rẹ dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ “nǹkan díẹ̀” yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ̀ pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò tó wọn jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wíwá ìwé bá di ohun tí à ń sanwó lábẹ́lẹ̀ fún, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní lọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í “sọnù.” Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà láíbìrì, kí ẹ dárúkọ òṣìṣẹ́ náà. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń wọ fáìlì rẹ̀, a sì máa ń wò ó nígbà ìgbéga. Tí iṣẹ́ yín bá parí, ẹ mú ẹ̀dà kan wá. Ẹ̀dà yẹn ni mo máa ń gbé wọ ìpàdé tí mo bá ń tọrọ owó ẹ̀rọ amúlétutù fún yàrá ìwé ìròyìn.

Ará Òkè-Àdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ẹ má bínú. Mo gba ọ̀rọ̀ yín. N kò ro ti ẹni tó máa wá lẹ́yìn mi.

Délé Alámì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:22 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Kardex rí láyé mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àpótí ìwárí orí kọ̀ǹpútà kún un, nítorí níbẹ̀ ni èmi ti fi oṣù méjì ṣòfò. Tí o bá tẹ “ẹ” sínú àpótí náà, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú “ẹ” ju ẹyọ kan lọ. Ẹlòmíràn tẹ lẹ́tà tó ti ní àmì lábẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn tẹ “e” kó tó fi àmì lé e, àwọn kan sì lo ìlà kékeré dípò àmì tótó. Lójú tiwa ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn mìíràn tó ń tẹ kátálọ́ọ̀gì ò sì fi àmì sí i rárá. Nítorí náà, wá a láìsí àmì, kí o tún wá a pẹ̀lú àmì. Eleti-Ofe, dán an wò pẹ̀lú dáàṣì, láìsí dáàṣì, kí o so ó pọ̀. The Yoruba News lè wà lábẹ́ T.

Ìkọsílẹ̀ àtijọ́ ńkọ́? Ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, wọ́n kọ “aiye,” “enia,” “okonrin,” “nwọn.” Tí o bá tẹ “ayé” àti “ènìyàn,” kò ní gbé wọn wá. Oshogbo, Ilesha, Shagamu náà bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn tún le jù: bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀, “Adjai” ni wọ́n kọ ọ́ nínú àwọn ìwé àtijọ́ kan. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa gan-an kò dúró sójú kan. Nínú ìwé àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò o lè bá “Yariba,” ní Sàró wọ́n ń pè wá ní Aku, ní Bràsíìlì àti Benin wọ́n ń pè wá ní Nagô, ní Kúbà wọ́n ń pè wá ní Lucumí. Ẹni tó bá wá “Yoruba” nìkan, ìdajì ìtàn wa ló rí.

Ti Àdùkẹ́: kátálọ́ọ̀gì kò mọ “owó orí.” Tẹ “bride price” àti “marriage customs and rites,” nítorí gbólóhùn tí ètò wọn yàn nìyẹn. Ó ń dùn mí pé èdè ẹlòmíràn la ó fi wá ọ̀rọ̀ ara wa, àmọ́ bó ṣe rí lónìí nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:10 àárọ̀

Ti èmi kì í ṣe ìwé àtijọ́, jọ́nà tí wọ́n tì mọ́ owó ni. Láíbìrì wa ò sanwó fún wọn mọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́: Unpaywall, tó máa ń fi ẹ̀dà ọ̀fẹ́ hàn ọ́ tó bá wà níbì kan, AJOL fún àwọn jọ́nà Áfíríkà, wọ́n ti wà láti 1998, JSTOR, tí o bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ o lè ka ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ lóṣù lórí ayélujára. Tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì, inú wọn sì dùn pé ẹnì kan béèrè.

Ọmọ Ayé Tuntun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:47 àárọ̀

Kí lẹ tún ń wọkọ̀ sí? Gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.

Délé Alámì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:58 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá Eleti-Ofe ti 1925 látòkèdélẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ń béèrè tọkàntọkàn ni.

Ìyá Ìbejì Peckham · Ọjọ́ Àìkú, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, ó sì wọ̀ mí lára. Lọ́ńdọ̀n ni mo wà, àwọn lẹ́tà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ láti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Yunifásítì Birmingham ni àkójọ CMS wà, ní Cadbury Research Library. Iná kì í lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè kàn wọlé: ẹ ó ti kọ̀wé ṣáájú, ẹ ó ti dárúkọ àpótí tí ẹ fẹ́, kí ó lè wà nílẹ̀ dè yín. Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé atọ́ka kí ó tó dé, á kàn fi ọjọ́ ṣòfò ni, bíi tiyín náà.

Ní British Library, káàdì òǹkàwé ọ̀fẹ́ ni. Boston Spa ní Yorkshire ni wọ́n kó ìwé ìròyìn sí lẹ́yìn tí wọ́n ti Colindale pa ní 2013, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ṣáájú. Ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára gbógun ti ẹ̀rọ wọn, kátálọ́ọ̀gì wọn kú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ padà sí lílo bébà. Mo rántí pé mo ronú kan àwọn màmá bíi Màmá Láíbìrì lọ́jọ́ náà.

Àdùkẹ́, jọ̀ọ́ ní kí láíbìrì yunifásítì tìrẹ bá ọ kọ̀wé sí Center for Research Libraries ní Chicago. Láti 1963 ni ẹgbẹ́ àwọn láíbìrì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CAMP ti ń ya ìwé ìròyìn Áfíríkà sórí microfilm, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ń ya ojú ewé sí ní kékeré. Béèrè oṣù tí wọ́n ní gan-an. Má béèrè ọdún. Ọ̀rọ̀ Kardex tí Mà sọ yẹn, ibi gbogbo ló ti wúlò.

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé. Mo ti jókòó nínú yàrá tó mọ́lẹ̀, tó tutù, tí mo ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ ní Aké, ní àdúgbò tí wọ́n bí ìyá mi. Àbúrò mi tó wà ní Aké lónìí, físà ló máa fi kà á. N kò mọ bí mo ṣe lè gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kí n wò fún yín níbí, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bá ráyè, màá wò ó.

Bàbá Fáìlì · Ọjọ́ Àìkú, 9:03 alẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́. Mo rí i pé láíbìrì nìkan lẹ ń sọ. Ọmọ yìí, ṣé o ti dé National Archives n'Ìbàdàn? Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ló wà, àmọ́ kì í ṣe ti yunifásítì, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kenneth Dike ló jà fún un kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1954, orúkọ rẹ̀ náà ló wà lára láíbìrì yunifásítì yẹn. Wọ́n ní ìwé ìròyìn àtijọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ní ohun tí ìwé ìròyìn kò ní.

Kò sí kátálọ́ọ̀gì bíi ti láíbìrì. Ìwé atọ́ka tí wọ́n tẹ̀ ni ẹ ó ṣí, a tò ó gẹ́gẹ́ bí ọ́fíìsì tó kọ fáìlì náà ṣe tò ó. CSO 26 ni ti ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ìjọba amúnisìn. “Prof” ni wọ́n fi ń ké Province, ìyẹn ẹkùn, kúrú: Oyo Prof ni ti Ẹkùn Ọ̀yọ́, Ije Prof ti Ìjẹ̀bú, Abe Prof ti Abẹ́òkúta, Ondo Prof ti Oǹdó. Má béèrè pé “ẹ ní nǹkan lórí ìgbéyàwó?” Bi ara rẹ léèrè pé: ọ́fíìsì wo ni ọ̀rọ̀ yìí ìbá ti dé lọ́dún yẹn? Ọ̀rọ̀ owó orí máa ń dé kóòtù ìbílẹ̀, láti ibẹ̀ ó ń dé ọ̀dọ̀ D.O., ìyẹn òyìnbó aláṣẹ àgbègbè, D.O. á kọ̀wé sí Résídẹ́ǹtì, ọ̀gá rẹ̀ tó ń ṣàkóso ẹkùn. Nínú fáìlì wọn “dowry” ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe “bride price.” Délé ti sọ ọ́ dáadáa.

Kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ kó o tó ṣí i. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun tí mo kábàámọ̀ jù ni bébà mẹ́rìnlá tí mo dà kọ láìkọ nọ́ńbà sí i. Ó wà nílé mi títí di òní. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, n kò lè lò ó.

Màmá Láíbìrì · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé o, Bàbá. Àwọn bébà mẹ́rìnlá yẹn, ẹ má jù wọ́n nù. Orúkọ Résídẹ́ǹtì tàbí ti ọba tó wà nínú wọn lè sọ ọdún, ọdún lè tọ́ka sí fáìlì. Ẹ tẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.

Àdùkẹ́ Òǹwádìí · Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 7:30 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun, mo pẹ́ kí n tó dáhùn.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú lẹ́tà tuntun, ẹ̀dà mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ọ̀gá ẹ̀ka. Obìnrin àgbàlagbà ni. Nígbà tí mo dárúkọ Kardex, ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Ó mú kọ́kọ́rọ́, a wọ yàrá kan tí eruku bò. Dúrọ́ọ̀ yẹn ṣì wà, Mà. Káàdì Eko Akete fi hàn pé láàrin àwọn ọdún tí mo ń wá, àwọn oṣù kan wà tí kò sí àmì lórí wọn rárá, wọn kò dé ibẹ̀ rí. Mo ti ń wá ohun tí kò sí.

Ìdìpọ̀ méjì nínú mẹ́ta tí “kò sí lórí pẹpẹ,” a rí wọn. Gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí ni. Ẹ̀yìn páálí náà sọ pé Eleti-Ofe. Nígbà tí mo ṣí i kọjá ìdajì, Eko Akete ló kù níwájú títí dé ìparí. Ọ̀gbẹ́ni tó ti ń bá mi wá ìwé dúró tì mí, ó ní láti ọdún mẹ́fà tí òun ti ń gbé ìdìpọ̀ yẹn sókè sódò, òun kò mọ̀. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí bébà kékeré, ó fi sí iwájú rẹ̀. Màá kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ọ̀gá àgbà, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìkẹta, a kò tíì rí i.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ibi ìdìwé. Ẹ̀yìn láíbìrì níbẹ̀ ló wà, ilé pẹlẹbẹ tí òórùn gúlúù gbà. Ọwọ́ kò tíì kan ìwé mi, ó wà lábẹ́ àwọn mìíràn bí ogún. Bàbá tó wà níbẹ̀ gbé e jáde, ó nu tábìlì rẹ̀, ó fi àga fún mi. Ó ní kí n má ṣe kánjú.

Mo ka ìlà mẹ́ta yẹn. Obìnrin náà ń bẹ olóòtú pé kí ó má tẹ orúkọ òun síta nítorí ọkọ òun máa ń ra ìwé ìròyìn náà. Ìnagijẹ nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń wá orúkọ rẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó kù, tí mo ń rò pé àìmọ̀ọ́wá mi ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ oṣù tí kò sí lórí Kardex sínú ìwé kan, màá fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ yìí kí ẹ lè bá mi wo èyí tó bá wà níbẹ̀. Bàbá Fáìlì, mo ń lọ sí National Archives lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ọjọ́ méjì ni mo máa lò. Tí ẹnikẹ́ni bá ní nọ́ńbà fáìlì tí ó fẹ́ kí n ṣí wò fún òun, kí ó kọ ọ́ síbí kí ó tó di ọjọ́ Ajé.